Ìjà La Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọdúnjọ páàkì mọ́tò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ní Lẹ́kkí Free Zone, ó yí gíláàsì sókè, ó sì fi fìlà ṣíji bo fóònù rẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ gbà pé àdúrà ni ọ̀gá àwọn máa ń lọ gbà nínú mọ́tò, òun náà kò sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, alàgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ajah. Kàtúùnù àwọn ará Japan ló ń wò.

Kò mọ èyí tó yẹ kí òun wò. Ìdí nìyẹn tó fi wọ ẹgbẹ́ kan lórí Tẹ́lígíráàmù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ Lẹ́kkí àti Ajah ti ń júwe ánímè, bí wọ́n ṣe ń pe kàtúùnù yìí, fún ara wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe tuntun nínú ilé rẹ̀. Ṣemílóore, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Yóò gbé fóònù ka orí tábìlì oúnjẹ, yóò ní, "Ìjà la fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́kà la fi ń parí." Mẹ́kà ni eré àwọn róbọ́ọ̀tì gàgàrà, tí ènìyàn máa ń jókòó sínú àyà wọn, tí yóò máa wà wọ́n bí ẹni wa katapílà. Ìyá rẹ̀ á jókòó tì í, á ní ẹ̀wà lòun ń ṣà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á wà lára fóònù náà. Ọmọ náà a máa ya àwọn róbọ́ọ̀tì yìí sínú ìwé kan.

Ìwé yẹn ni Ọdúnjọ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ó ní àwòrán ẹ̀mí àìmọ́ ni. Ó mú ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, ó sì fa ìwé náà ya ní ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣemílóore kò sunkún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, yàrá rẹ̀ ti ṣófo. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá rẹ̀ pé òun wà láàyè, kí ẹnikẹ́ni má wá òun. Ó di oṣù mẹ́jọ.

Láti ìgbà náà, òun àti Dúródọlá ìyàwó rẹ̀ kì í dárúkọ ọmọ náà nínú ilé wọn ní Thomas Estate. Obìnrin náà ń gbọ́únjẹ, ó ń kí i káàárọ̀, ó ń kí i káalẹ́. Kò bá a jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí Ọdúnjọ lè wo ojú rẹ̀.

"Ẹni Tuntun" ló pe ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè wò? Mo gbọ́ pé ìjà la fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́kà la fi ń parí."

Ìdẹ ni, bóyá ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan tó ń jẹ́ Àdàbà fi kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yẹn?"

"Ẹnì kan tí mo fẹ́ràn ni."

 Àdàbà júwe eré kan fún un, ti ọmọkùnrin tó ń fi idà jà nítorí abúlé rẹ̀ tó jóná. Ó fi kún un pé, "Fara balẹ̀ wò ó. Ṣé o ti jẹun lónìí?"

Ọdúnjọ ka ìbéèrè ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe Ṣemílóore?

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Lẹ́yìn eré ìjà, Àdàbà ní kó wo ti àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọmọ kan tó sá wọ ọkọ̀ ojú omi. "Wò ó dópin," ni Àdàbà kọ. "Ọmọ yẹn padà sílé." Lójoojúmọ́ ló ń béèrè bí ara ṣe rí, bóyá ẹ̀fọn pọ̀ níbi tí Ẹni Tuntun ń sùn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni kì í dáhùn títí ìsìn á fi parí. Inú Ọdúnjọ dùn sí èyí: ọmọ òun ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbìkan.

Wọ́n dé orí mẹ́kà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, Azeezat, akọ̀wé rẹ̀, kan gíláàsì mọ́tò. Róbọ́ọ̀tì kan ń jóná lójú fóònù, ẹni tó ń wà á sì ń ké pe bàbá rẹ̀.

"Háà, ọ̀gá! Ẹ̀yin náà ń wo ánímè?"

"Ọmọ mi ló fi síbẹ̀," ni Ọdúnjọ dáhùn. "Ìranù àwọn ọmọdé."

Azeezat lọ. Ọdúnjọ jókòó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ojú tì í ju ti ọjọ́ ìkórè lọ, nítorí ojú kò tì í lọ́jọ́ ìkórè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti ọjà dé, ó páàkì sí iwájú ilé, kò sì sọ̀kalẹ̀. Ó kọ ọ́ sí Àdàbà pé, "Èmi kì í ṣe ọ̀dọ́. Èmi ni bàbá tó fa ìwé ọmọ rẹ̀ ya níwájú ìjọ. Mo ti wo gbogbo ohun tí o ní kí n wò, mo sì rí ohun tí o rí nínú wọn. Ṣemílóore, dárí jì mí. Máa bọ̀ nílé."

Ó rí i pé Àdàbà ti kà á. Ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, tó dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, tó tún dúró. Lẹ́yìn náà, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó gbé orí lé sítíárìn mọ́tò.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí. Dúródọlá jáde láìwọ bàtà, fóònù lọ́wọ́. Ọdúnjọ sáré ti fóònù tirẹ̀ bọ abẹ́ itan, ó múra láti parọ́ mìíràn. Obìnrin náà ṣí mọ́tò, ó wọlé, ó jókòó tì í, ó sì ń wo iwájú.

"Dádì Ṣemílóore," ó ní, "èmi ni Àdàbà, mo rò pé ọmọ wa ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí."