Ìbọn Orí Àjà Tí Mo-Ti-Mọ̀ Kọ̀ Láti Yẹ Inú Rẹ̀ Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

1.
Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ ohun àtijọ́ wò. Gbé idà tàbí àga àtijọ́ dé, á sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó mọṣẹ́, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ bó o bá ní kó o gbà á nímọ̀ràn, á ti dá ẹ lóhùn: "Mo ti mọ̀." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-Ti-Mọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìbọn gígùn kan wá, irú èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu.

"Orí àjà ilé bàbá mi ni mo ti rí i. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó ti wá ni."

Mo-Ti-Mọ̀ ò tíì jókòó dáadáa. "Màmá, ìbọn ológun òkè òkun ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ ìdí rẹ̀."

2.
Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa ìbọn náà.

"Ti ọdẹ ni, kì í ṣe ti ológun. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ ni ọ̀pá rẹ̀ ní, ilà tó lọ́ yíká sì wà nínú rẹ̀. Àmì ẹni tó rọ ọ́ á wà lábẹ́, níbi tí igi bò. Àmọ́ kó o tó tú u, fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọn inú rẹ̀. Bí kò bá kanlẹ̀, ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀."

"Mo ti mọ̀, bàbá. Ìbọn tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ! Ẹ̀tù wo ló kù?"

"Ẹ̀tù kì í darúgbó, ọmọ mi."

Ojú tì í níwájú oníbàárà. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó gbé ìbọn wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ rí àmì yẹn kí bàbá tó padà wá.

3.
Súkúrù tó de igi mọ́ ọ̀pá ìbọn ti dípẹtà, kò yí. Ó tan iná gáàsì sí i.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ń ránṣọ lẹ́yìn ògiri pákó, ó sì ti gbọ́ ohun tí bàbá sọ. "Dádì, kí lẹ̀ ń jó?"

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe jàre!"

"Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n bí bàbá ṣe wí?"

"Mo ti mọ̀!"

Súkúrù pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn.

GBÒÀ!

Ọta la pákó kọjá. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ dákẹ́. Mo-Ti-Mọ̀ sáré sí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ ṣí i, ìgbà náà ló tó rí i pé ìka mẹ́ta ò sí lọ́wọ́ òsì òun mọ́.

4.
Ìyàwó rẹ̀ ò kú. Àmọ́ apá ọ̀tún tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú ò ṣeé gbé mọ́. Ọ̀pá ìbọn ti là sí wẹ́wẹ́, kò sẹ́ni tó lè ka àmì kankan lára rẹ̀.

Lórí ibùsùn ọsibítù, obìnrin náà wò ó. "Ìṣẹ́jú kan péré lẹ máa fi wọ̀n ọ́n bí bàbá ṣe wí. Kí ni apá mi ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá rí ìbọn àtijọ́ nílé, ẹ gbà pé ọta wà nínú rẹ̀. Ẹ má tú u, ẹ má fi iná kàn án, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá sì kìlọ̀ fún yín, ẹ gbọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.