Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì

Ìbíyẹmí, nọ́ọ̀sì abúlé wa, kò ga. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Làmídì mẹkáníìkì bá òun rẹ ṣọ́ọ̀kì, irin tó gbé ẹ̀yìn ọ̀kadà òun dúró, sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ òun lè máa tólẹ̀.

Làmídì kìlọ̀ fún un pé, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, kò ní lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa mọ́ ní kọ́nà o. Irin tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé á máa ha ilẹ̀. Ẹ máa rọra.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Ìbíyẹmí wọ ọ̀nà tóóró inú igbó tíìkì. Òun nìkan ló wà lórí ọ̀kadà. Lójijì, ẹ̀yìn ọ̀kadà rì, irin sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ níbi tí kò sí kọ́nà rárá. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Síbẹ̀, ẹnìkan ń mí sí i lọ́rùn.

Ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Ó tẹ bíréèkì, kò mú, ohun tó wúwo lẹ́yìn rẹ̀ yẹn ń tì í lọ. Bó bá sì fẹ́ yà, irin á gbé e ṣubú.

Ó bẹ̀bẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ́mọ nílé.”

Ẹ̀yìn ọ̀kadà gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì mú. Ọ̀kadà dúró létí omi gẹ́lẹ́.

Ọwọ́ tútù kan gbá a léjìká jẹ́jẹ́.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni ohùn ìyá arúgbó kan wí. “Ibí náà ni mò ń lọ.”

Ìbíyẹmí sì gbọ́ tí ẹnìkan ń rọra wọ inú odò lọ.