Ìwé Ṣúgà Ìyàwó Télọ̀

Láràárọ̀, kí télọ̀ tó jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ, ó máa ń kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ yàrá tọ ìyàwó rẹ̀ lọ. Wọ́n á gbàdúrà. Oyún náà ti wọ oṣù keje; mẹ́ta ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó, tí ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń bà láti kékeré, á di ojú rẹ̀ pinpin.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni yóò wí.

"Pẹ̀lẹ́ fún kí ni? Ara kan ṣáà ni wá."

Télọ̀ á kọ nọ́ńbà sínú ìwé tí nọ́ọ̀sì fún wọn nígbà tí wọ́n rí àìsàn ṣúgà lára ìyàwó. Nọ́ńbà náà kì í ga.

Oníbàárà kan rí bí ó ti fi pílásítà wé ìka. "Bùròdá, ṣé aṣọ mi lẹ ń rán ni, àbí ìka yín?"

"Abẹ́rẹ́ ò mọ ọ̀gá ẹ̀," ni télọ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó sì ṣe, ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n gba ìwé náà, ẹsẹ̀ ìyàwó wú, sálúbàtà ò gbà á mọ́. Orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣe é bàìbàì. Télọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, ó sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Màmá nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣí ìwé. "Ọkọ yín mà gbìyànjú o. Ìwé yìí mọ́ tónítóní. A ò ní fi kún oògùn ṣúgà yín."

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Ó wo ìtọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìfúnpá yìí ti ga jù. Ṣúgà tó bá ń ga lè dá kún un, ṣùgbọ́n tiyín ò ga. Ó lè jẹ́ pé a óò gbé ọmọ yìí jáde lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tó àsìkò."

"Ṣé yóò yè?" ni télọ̀ béèrè. "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì tún ṣí ìwé náà.

"Mà, mi ò fo ọjọ́ kan ṣoṣo."

"Mo mọ̀. Mo rí i nínú ìwé." Ó mú abẹ́rẹ́ tuntun. "Ẹ jẹ́ n fúnra mi wo ṣúgà yìí."

Ìyàwó di ìkúùkù.

"Ẹ má bẹ̀rù, ó ṣáà ti mọ́ yín lára."

Nọ́ọ̀sì rọra tú ìkúùkù náà, ó wo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí kò sí àpá abẹ́rẹ́ kan lára wọn, ó sì yíjú sí ọwọ́ télọ̀, níbi tí àpá àárọ̀ mọ́kànlélógún náà wà.