Ẹni Keje Lórí Okùn

Àwa mẹ́fà la so ara wa mọ́ okùn kan lórí òkè oníyìnyín kan. Èmi ni mo kẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá yẹ̀, gbogbo wa la ó jábọ́. Nígbà tí kùrukùru bo ojú wa, Fádèyí, aṣíwájú wa, ní ká ka ara wa bí a ti máa ń ṣe.

"Ení!" ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ẹ̀fà!"

"Èje," ẹnìkan dáhùn lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń ṣàwàdà níbẹ̀ yẹn?" Fádèyí béèrè láti iwájú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó mà ju èje lọ o.

"Ẹ̀yin ará, ẹ má wẹ̀yìn, ẹ má sáré. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan." Ohùn Fádèyí kò gbọ̀n, ṣùgbọ́n okùn ń gbọ̀n bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi, níbi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ta ìparí okùn ní kókó. Okùn náà kò parí síbẹ̀ mọ́. Ó gba ẹ̀yìn mi lọ, ó nà tantan.