Iná Iwájú Ọwọ́ Òsì

Kí Stephen tó dé sí ilé wọn ní Ìbà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àdìjá ti gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì ti fi ìwé rẹ̀ lé orí itan. Inú ìwé náà ló máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé sí: ọjọ́ tí Hikmat ọmọ rẹ̀ hu eyín, ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ kànga, ọjọ́ tí ìjì ṣí páànù.

Volkswagen ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ìjàpá. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti wà lẹ́yìn ilé. Ràsákì, ọkọ rẹ̀, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ọn. Àmọ́ wọ́n fẹ́ kọ́ yàrá síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ilé gbé, Stephen sì wá láti Okokomaiko, ó ní òun ń fọwọ́ ara òun to ọkọ̀ kékeré kan. Ó ní fáíbà ni òun fi ṣe ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti gíá ìjàpá ló kù tí òun ń wá.

"Ẹ́ńjìnnì àti gíá nìkan ni mo tà fún un," ni Ràsákì sọ kó tó lọ sí Ìsẹ́yìn fún òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ara ọkọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Tó bá di Sátidé, àwọn onírin àlòkù máa wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ìyá Hikmat, bí nǹkan kan bá kúrò lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ ni mo ti máa bèèrè."

Nǹkan ọkọ Àdìjá kò tíì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò ní ti orí ìjàpá bẹ̀rẹ̀.

Stephen dọ̀bálẹ̀ kí i, ó tú irinṣẹ́ sílẹ̀. Agolo wàrà kan wà láàárín wọn, ó fi rọ́bà dè é lẹ́nu.

"Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Nǹkan kékeré ni, Mummy. Mi ò fẹ́ kó sọnù ni."

Àdìjá kọ agolo náà sínú ìwé, kó má baà wọlé lófìfo kó jáde ní kíkún.

Iwájú ọkọ̀ ni Stephen gbà lọ. Ó lóṣòó síwájú iná ọwọ́ òsì, ó ń fọwọ́ pa mọ́gáàdì.

"Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà," ni Àdìjá wí. "Àbí ọ̀gá rẹ ò kọ́ ẹ dé ibẹ̀?"

"Mo mọ̀, Ma. Ìkọkànlá tí mo máa dé ìdí ẹ̀ rèé."

"Ìjàpá mọ́kànlá fún ọkọ̀ kan! Ṣé ọkọ̀ lò ń tò ni, àbí o fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹran Iléyá?"

Stephen rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi èékánná họ etí mọ́gáàdì. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú tó wà lójú rẹ̀ ṣí, búlúù yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Má họ ọ́! Búlúù ni tẹ́lẹ̀. Bàbá Hikmat ló ní kí wọ́n kùn ún."

Nígbà tó mú sukudiráfà, tó nà án sí iná, Àdìjá dìde.

"O ní fáíbà ni ara ọkọ̀ tìrẹ. Kí lo fẹ́ fi iná wa ṣe?"

"Mo kàn ń wò ó ni, Ma. Ó jọ ògbólógbòó."

Àdìjá mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bú u. Ó ṣí ìwé, ó sì kà á sókè ketekete:

"Ọdún 2017, ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká ṣe Iléyá. Àgbò já lọ́wọ́ àwọn Hausa ní ọjà Alaba Rago, ó sá lu ọkọ̀ Bàbá Hikmat. Wọ́n pààrọ̀ iná iwájú ọwọ́ òsì, wọ́n na mọ́gáàdì, wọ́n sì kùn ún."

Stephen gbé sukudiráfà sílẹ̀. "Ṣé ẹ jẹ nínú ẹran àgbò náà?"

"Níbo? Kò gbé ẹran kankan wálé. Ó ní ẹni tó ni ín ti gbé e lọ."

"Àwọn mẹkáníìkì náà lè ní àwọn pààrọ̀ iná, kí wọ́n má pààrọ̀ ẹ̀, Mummy."

Àdìjá bú sẹ́rìn-ín. "Fún èmi Àdìjá?"

Kò sí ẹni tó máa tún nǹkan ṣe fún un tí kò ní dá ògbólógbòó padà sí i lọ́wọ́. Ó wọlé, ó wá inú páálí tí ó ń kó wọn sí, ó gbé iná àtijọ́ náà jáde. Etí rẹ̀ ti wọ́, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Ó ti fi òwú so ìwé kékeré mọ́ ọn, tòun ti ọjọ́ rẹ̀.

"Gbà, kó o wò ó dáadáa. Ṣé o ti gbà báyìí pé tuntun ló wà lára ọkọ̀?"

Stephen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ka ìwé kékeré náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo gbà, Ma."

Fóònù dún. Ràsákì ni, láti Ìsẹ́yìn.

"Ìyá Hikmat, ṣé kò tíì fọwọ́ kan ara ọkọ̀?"

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀, Bàbá Hikmat," ni Àdìjá dáhùn, ó sì gbóhùn sókè kí Stephen lè gbọ́. "Kò lè rí wa rẹ́ jẹ. Mo ti gbé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́."

Stephen tú rọ́bà ẹnu agolo, ó mú ègé gíláàsì kan jáde, èyí tí àwọn dókítà yọ lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ búlúù kan gbá a pa ní Okokomaiko tó sì sá lọ, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n ṣe Iléyá ọdún 2017, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sójú ihò iná náà, ó bá a mu rẹ́gí.