Gàníyù tó Fi Oògùn Sílẹ̀ Nítorí Ojú Àna

Ìtìjú àṣejù ni àbùkù Gàníyù, aránṣọ tó ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní Ìwó. Ọmọlúàbí ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ará àdúgbò yóò wí ká a lára ju ohun tí ara rẹ̀ ń wí lọ.

Àtọ̀sí ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Mercy tọ́jú rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì bá kòkòrò tó ń fa àrùn éèdì, tí wọ́n ń pè ní kògbóògùn, níbẹ̀. Orúkọ àtijọ́ ni; ó ń gbóògùn báyìí. Nọ́ọ̀sì ní hóró kan ni lójúmọ́, láìyẹsẹ̀. Gàníyù gbà, àmọ́ ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ̀wé darí òun sí ilé ìwòsàn Olúpọ̀nnà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun.

Ní Olúpọ̀nnà, ta ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí kò ṣe Bàbá Abdulfatah, baba ìyàwó rẹ̀? Ọkọ ọmọ kì í rí àna kó dúró ṣánṣán. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo èrò.

"Gàníyù, kí lo wá ṣe níbí?"

"Ọ̀nà ni mo ní kí n béèrè, Bàbá."

"Nínú ilé ìwòsàn?"

Gàníyù dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó sì lọ láìgba oògùn. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Fún ọdún méjì, ó ń rù, ó ń pè é ní ibà. Kareemah, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ sí ilé ìwòsàn, kò lọ. Lọ́jọ́ kan, ojú òsì rẹ̀ ṣú. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́, kò rí ihò rẹ̀. Dókítà ní àrùn mìíràn ló rí àyè wọlé nígbà tí ara kò lókun mọ́, ojú náà kò sì ní là mọ́. Wọ́n yẹ Kareemah wò, wọn kò bá nǹkan kan. Oríire ni, kì í ṣe ọgbọ́n ọkọ rẹ̀.

Bàbá Abdulfatah wá kí i. Ó jókòó tì í, ó sì yọ ìgò oògùn kan jáde nínú àpò.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gba eléyìí. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ṣe lo wá ṣọ́ mi."

Gàníyù fọwọ́ bo ojú kan tó kù.

Ní báyìí, wọ́n jọ ń lọ gba oògùn ni. Apá òsì Gàníyù ni Bàbá ti máa ń rìn. Okun ara rẹ̀ ti padà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń ṣe ọnà ọrùn agbádá fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹni tí ẹ ń sá fún lórí bẹ́ǹṣì, oògùn lòun náà wá gbà. Ẹni tí wọ́n bá bá kòkòrò yìí lára rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà, kó má sì dá a dúró. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìtìjú kò wo àrùn sàn rí.