Àtẹ́lẹsẹ̀ Ìyá

Àwọn dókítà awọ ara tó wá wo ẹ̀rọ tuntun tí oníkọ̀ǹpútà kan ṣe láti fi yẹ awọ ara wò ti jókòó, ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kò sì yọjú. Oníkọ̀ǹpútà náà bá pe ìyá rẹ̀ wọlé.

"Màámi, ẹ bọ́ bàtà. Mo ṣì ní fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ yín tí mo yà lọ́dún tó kọjá."

"Ẹsẹ̀ tó ti sán yìí? Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o." Ìyá nà án síwájú kámẹ́rà.

Kọ̀ǹpútà gbé fọ́tò tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ó yí i díẹ̀, ó fà á díẹ̀, títí gbogbo ìlà ẹsẹ̀ fi bára mu régí. Ó wá fi pupa yí àmì dúdú kan ká nítòsí gìgísẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ti tó hóró ẹ̀wà báyìí. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó jọ jẹjẹrẹ."

Oníkọ̀ǹpútà bojú wo ìyá rẹ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

"Iṣẹ́ ńlá," ni ọ̀gá wọn wí. "A máa rà á."

Ìyá tó jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan. Òun náà ń pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ mi ṣe dáadáa?"

"Ó ṣe dáadáa, Màámi," ni ọmọ wí, ó sì bọ ọ̀gá náà lọ́wọ́.